Mẹ́ta Ló Kú, Àbí Mẹ́ta Ló Kù?

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ níí fọ́. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni àwọn àgbà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún, pé kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Mo rò pé ó ti tó àkókò kí a fi í kìlọ̀ fún ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ohùn tí a sọ dáradára lè fọ́ sí etí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé kì í ṣe etí ènìyàn nìkan ni ọ̀rọ̀ wa ń bọ́ sí mọ́. A ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ti ń dá wa lóhùn.

Ohun tí ó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ kan tí ọ̀rẹ́ mi fi rán mi. Oníṣègùn ẹranko ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Ó ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkirè, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Àpòmù. Ó fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa bá a gba ìpè orí fóònù, irú èyí tí a fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe, tí ó lè gbọ́ ohun tí ènìyàn wí, kí ó sì fèsì bí ènìyàn. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó gbé ọjà wọn wá bá a, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ń fọ́nnu pé ẹ̀rọ àwọn gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Ọ̀rẹ́ mi wá ní, "Ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, bá mi dán wọn wò. Èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Ìdáhùn tí mo fún un, àti ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀, ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé nínú àròkọ yìí.

Kí ẹni tí kò mọ ọ̀dọ̀ wa lè fojú inú wo ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìlú méjèèjì. Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni méjèèjì sì wà, láàárín Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò mọ Ìkirè mọ dòdò rẹ̀. Àpòmù ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú ọjà láti ọjọ́ tó ti pẹ́: níbẹ̀ ni àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjà tí ó sì ṣẹlẹ̀ lórí ataare títà ní ọjà náà wà lára ohun tí Samuel Johnson kà sí okùnfà ogun Òwu nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Lónìí, ó ṣòro kí ènìyàn wọ agbolé kan ní agbègbè náà kí ó má bá ewúrẹ́ tàbí àgùntàn níbẹ̀. Àwọn kan ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé; àwọn ọdẹ ní ajá; àwọn Fúlàní darandaran ní màlúù. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni dókítà ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ń ràn án lọ́wọ́.

Kí fóònù GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá dókítà ẹranko. Àgbẹ̀ á so ewúrẹ́ rẹ̀ lókùn, tàbí kí ó kó adìẹ rẹ̀ sínú agbọ̀n, á sì gba ọ̀nà. Ní ìsinsìnyí, fóònù ni ó ń kọ́kọ́ dún. Ó ń dún nígbà tí dókítà ti apá bọ inú màlúù tí ìrọbí mú. Ó ń dún nígbà tí ó wà lórí ọ̀kadà lọ sí abúlé tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ń dún ní òru. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dúró kí a gbé e. Fíláṣì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì pa á, kí dókítà lè fi kírẹ́díìtì tirẹ̀ pè wọ́n padà.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan ní Àpòmù pe fóònù náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọgọ́ta adìẹ ni ìyá náà ní. Ó pè é títí, kò sí ẹni tí ó gbé e; nọ́ńbà rẹ̀ sì wà láàárín ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí dókítà kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá náà tún pè, dókítà sì gbé e. Nígbà tí wọ́n ki ara wọn tán, ìyá náà ní, "Dókítà, ní ọjọ́ Ajé tí mo pè yín, mẹ́ta ló kú. Lónìí, mẹ́ta ló kù." Lùkúlùkú ni ó wọ inú àwọn adìẹ náà, àrùn tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ìlú Newcastle pè, nítorí pé ó jà níbẹ̀ ní nǹkan bí 1926, tí ìròyìn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sì jáde ní 1953. Àrùn náà kò ní oògùn tí ń wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú àkókò ni ààbò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé bí òun bá gbọ́ ní ọjọ́ Ajé, òun kì bá lè wo àwọn tí ó ti ṣàìsàn sàn, ṣùgbọ́n òun ì bá ti kọ́ ìyá náà bí yóò ṣe ya àwọn tí ara wọn le sọ́tọ̀, òun ì bá sì ti sọ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n tètè gba abẹ́rẹ́ fún tiwọn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé fóònù ilé ìwòsàn òun kò gbọdọ̀ tún dún lásán mọ́.

Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá náà ni kò jẹ́ kí n gbàgbé ìtàn yìí. Mẹ́ta ló kú. Mẹ́ta ló kù. Ọjọ́ mẹ́rin àti adìẹ mẹ́rìnléláàádọ́ta ni ó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì, síbẹ̀ ohùn kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ wọn.

Kì í ṣe òní ni ọmọ aráyé ti ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Almon Strowger, ọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ òkú sísin ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1891 fún ẹ̀rọ tí ń so ìpè fóònù pọ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé ó fura pé àwọn tí ń so ìpè pọ̀ ń darí oníbàárà òun sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ òun. Ẹni tí ó gbọ́ dáradára ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ tan ènìyàn jẹ ni ìṣòro Strowger. Ìṣòro tiwa yàtọ̀: ẹ̀rọ tí kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣì wá gbọ́, kí ó sì fi ìdánilójú fèsì.

Ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ òde òní yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe tẹ̀léra. Èkíní, ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn, á sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Èkejì, á ka àkọsílẹ̀ náà, á sì pinnu èsì tí ó bá a mu. Ẹ̀kẹta, á sọ èsì náà di ohùn padà sí etí ẹni tí ó pè. Kì í ṣe pé ó lóye bí ènìyàn ti ń lóye. Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí a ti fi kọ́ ọ ni ó fi ń díwọ̀n ohun tí ó ṣeé ṣe kí a sọ. Àpẹẹrẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ bí ewé rúmọ̀. Ti Yorùbá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú èyí tí ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a kọ láìfi àmì ohùn sí. Nítorí náà, bí ó bá di iṣẹ́ èkíní, tí ẹ̀rọ bá kọ "ku" sílẹ̀ láìsí àmì, iṣẹ́ èkejì kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá òkú ni a ń kà tàbí ààyè. Etí ẹ̀rọ lè ti gbọ́ ohùn náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò kọ ọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kí a má ṣe bi àwọn oníṣòwò léèrè ohun tí ọjà wọn lè ṣe, nítorí pé aláta kì í sọ pé ata òun kò ta. Mo ní kí a dán ẹ̀rọ náà wò bí a ti ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Mo jókòó ti ọmọbìnrin tí ń gba fóònù, ó ń sọ àwọn gbólóhùn tí ó máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń pè, èmi sì ń kọ ọ́. Nínú wọn ni mo ti yan àwọn wọ̀nyí ní méjì méjì:

"Adìẹ mẹ́ta ló kú." "Adìẹ mẹ́ta ló kù."

"Ajá mi ń bí." "Ajá mi ń bì."

"Pẹ́pẹ́yẹ náà ti yé." "Pẹ́pẹ́yẹ náà ti yè."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó parí gbólóhùn wọ̀nyí dáradára. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ́lì kan náà. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ya ikú kúrò lára ìṣẹ́kù, tí ó ya ọmọ kúrò lára èébì, tí ó ya ẹyin kúrò lára ìyè. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn náà máa ń di ohùn àárín: "mẹ́ta ló kù" a di "ó ku mẹ́ta." Ẹ̀rọ tí kò mọ òfin yìí yóò máa wá ohùn ìsàlẹ̀ níbi tí kò sí.

A ní kí ènìyàn márùn-ún sọ gbólóhùn náà sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: bàbá àgbẹ̀ kan láti Àpòmù, obìnrin kan tí ń sin ewúrẹ́ ní Ìkirè, darandaran kan tí Fúlàní jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ọmọ ilé ìwé kan, àti èmi.

Ẹ̀rọ kìíní ní ohùn dídùn, ó sì mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ bí ẹni ń fi ṣe eré. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, "ku" kan náà ni ó kọ fún kú àti kù, ikú ni ó sì kà á sí nígbà gbogbo. Nígbà tí obìnrin náà sọ pé ajá òun ń bì, ẹ̀rọ náà kí i kú ewu ọmọ. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọkàn ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ajá tí ó jẹ májèlé ni ó ń bì báyìí. Bí a bá kí olúwa rẹ̀ kú ewu ọmọ, á pa fóònù, ajá rẹ̀ á sì kú."

Ẹ̀rọ kejì ni ó kọ́kọ́ wù mí. Ó ń fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kọ, ojú ìwé rẹ̀ sì mọ́ bí ti akẹ́kọ̀ọ́ àtàtà. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a rí i pé kì í ṣe ohùn tí a sọ ni ó ń kọ. Ó ń méfò ni. Èyí tí ó bá ti pàdé jù lọ nínú àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ó ń fi àmì rẹ̀ sí i. Ewu èyí pọ̀ ju ti ẹ̀rọ kìíní lọ, nítorí pé àmì tí kò sí lè mú kí òǹkàwé fura, ṣùgbọ́n àmì tí ó ṣì máa ń dà bí ìmọ̀.

Ohùn ẹ̀rọ kẹta kò dùn tó ti àwọn yòókù, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu púpọ̀. Òun náà kò fi gbogbo ìgbà mọ kú yàtọ̀ sí kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá dá a lójú, ó máa ń béèrè. Ó tún fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín láti kọ irú ìbéèrè tí ó yẹ kí ó béèrè sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa ìlù dùndún. Ìlù ní ohùn, kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ́lì. Bí onílù bá lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ bí ogún ni ó lè jẹ́. Nítorí náà, onílù tí ó mọṣẹ́ kì í sáàbà lu ọ̀rọ̀ kan ní ìhòòhò. Á fi oríkì tàbí òwe wọ̀ ọ́ láṣọ, kí etí lè dá a mọ̀ láti ara gígùn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yìí ni òdìkejì ìlù: ó ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì, kò ní ohùn. Oògùn kan náà ni ó sì lè wo méjèèjì sàn. Kí a má lo ọ̀rọ̀ kékeré ní òun nìkan. Kí a fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn.

Èdè wa ti pèsè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kọ àwọn ìbéèrè tí ẹ̀rọ náà yóò máa béèrè padà. Bí ó bá gbọ́ "ku," kí ó wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mẹ́ta ni òkú, àbí mẹ́ta ni ó ṣẹ́kù láàyè?" Bí ó bá gbọ́ "bi," kí ó wí pé, "Ṣé ọmọ ni ajá yín ń bí, àbí èébì ni?" Bí ó bá gbọ́ "ye," kí ó wí pé, "Ṣé ẹyin ni pẹ́pẹ́yẹ yín yé, àbí ara rẹ̀ ni ó yá?" Ẹni tí ó bá dáhùn pé "òkú," "láàyè," "ọmọ," "èébì," "ẹyin," tàbí "ara rẹ̀ yá," ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè ṣì lọ mọ́, bí a kò tilẹ̀ fi àmì kankan sí i. A fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dán ẹ̀rọ kẹta wò lẹ́ẹ̀kejì, bàbá àgbẹ̀ láti Àpòmù sì sọ pé, "Èyí gbọ́n. Ó mọ̀ pé òun kò gbọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkíni àti ọ̀wọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Yorùbá kì í gbé fóònù kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyá àgbà á kọ́kọ́ kí dókítà kú iṣẹ́, á béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ, kí ó tó dórí ewúrẹ́ rẹ̀ tí imú rẹ̀ ń ṣomi. Ẹ̀rọ kìíní já lu ìkíni náà, ó ní, "Kí ni o fẹ́?" Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ "o" tí ó wà nínú rẹ̀ tó láti mú kí àgbàlagbà pa fóònù. Mo ní kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé "ẹ" ni ẹ̀rọ yóò máa lò fún gbogbo ẹni tí ó bá pè, ìbáà ṣe ọmọdé, kí ó sì jẹ́ kí ènìyàn kíni tán. Ibẹ̀ náà ni a ti rí i pé bí a ṣe ń san owó ẹ̀rọ kan ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀rọ tí ń gba owó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú yóò máa ka ìkíni wa sí gbèsè. Èyí tí a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù ni ó bá ìwà wa mu.

Ohun tí ó wúwo jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ajá. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó pe dókítà ẹranko kì í ṣe nítorí ẹranko. Ajá ni ó bu ọmọ rẹ̀ jẹ. Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn tí a ń fi ọ̀la ṣe. Láti ara ajá ni nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ń kó o ti ń kó o, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yọrí sí. Ṣùgbọ́n láti 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ni aráyé ti mọ̀ pé a lè ṣáájú àrùn náà bí a bá tètè ṣe é. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi pàṣẹ pé bí ẹ̀rọ bá ti gbọ́ "ajá" àti "bù jẹ" nínú ọ̀rọ̀ kan náà, kò gbọdọ̀ béèrè orúkọ tàbí àdírẹ́sì ṣáájú. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wí ni pé kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn láìdúró. Lẹ́yìn náà ni kí ó so ìpè náà mọ́ fóònù dókítà, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sọ orúkọ àrùn, kò sì gbọdọ̀ sọ ìwọ̀n oògùn. Iṣẹ́ dókítà tí ó gba ìwé ẹ̀rí nìyẹn. Kí ẹ̀rọ sọ àkókò tí ilé ìwòsàn ń ṣí, kí ó dá ọjọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó kọ nọ́ńbà ẹni tí ó ṣe fíláṣì sílẹ̀ kí ó sì pè é padà. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí a ń ṣe ìdánwò yìí lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí ń gba fóònù bi mí léèrè pé, "Tíṣà, ṣé ẹ̀rọ yìí ni yóò wá máa jókòó sórí àga mi?" Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára. Òun ni ó fún wa ní gbogbo gbólóhùn tí a fi dán ẹ̀rọ wò. Òun ni ó mọ̀ pé bí bàbá kan bá sọ pé àgùntàn òun "kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn," àgùntàn náà ti dùbúlẹ̀ láti ìjẹta ni. Àti pé bí ìyá mìíràn bá ń ké pé ewúrẹ́ òun ń kú lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀gún ni ó gún un lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó mọ ìyá tí ń ké àti bàbá tí ń pa á mọ́ra yàtọ̀ sí ara wọn bí ẹni tí ó ń rí wọn lọ́jọ́ ọjà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó sì ṣe ìpinnu kan tí mo yìn ín fún: ní ojúmọmọ, ọmọbìnrin náà ni yóò máa gbé fóònù, ẹ̀rọ á gba ìpè ní òru, àti nígbà tí ìpè méjì bá dé pọ̀. Ohunkóhun tí kò bá yé ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà tàbí dókítà ni yóò lọ, yóò sì fi ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, kí ó má ba à sọnù bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Ohun méjì tí ó kù kò gùn. Ẹ̀rọ tí ènìyàn gbọdọ̀ ní fóònù olówó ńlá àti íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè bá a sọ̀rọ̀ kò wúlò fún àgbẹ̀ tí ó ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Orí ìpè lásán ni ó gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́. Bákan náà, ohùn ènìyàn jẹ́ ohun ìní rẹ̀. Òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ̀rọ gbọdọ̀ sọ fún ẹni tí ó pè pé ẹ̀rọ ni òun, àti pé òun ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó tà á sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ síwèé nípa ibi tí wọn yóò kó ohùn náà sí àti ọjọ́ tí wọn yóò pa á rẹ́.

Ẹ̀rọ kẹta ni ọ̀rẹ́ mi mú. Ìwé ìbéèrè tí a kọ fún un wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì ń fi tuntun kún un bí ó bá ti gbọ́ gbólóhùn tí ó lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, inú mi dùn pé ìjọba àpapọ̀ gbé N-ATLaS jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ó ka Yorùbá mọ́ Haúsá àti Ìgbò. Irú rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò kà. A ti ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láti 1974, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí kò ṣe ní ọjọ́ tí a bá ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, bí olùdánwò bá ní kí ẹ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹ má ṣe rò pé máàkì mẹ́wàá nìkan ni ó ń wá. Ẹnìkan wà ní Àpòmù tí ó ń ka adìẹ rẹ̀, tí ó fẹ́ kí ẹni tí ó wà ní òdìkejì fóònù mọ iye tí ó kú àti iye tí ó kù. Kí a tó bi ẹ̀rọ léèrè bóyá ó gbọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí àwa tí ó ni èdè máa kọ ọ́ pé.